Ọba tí ó wàjà: ìdílé ni ó ni òkú rẹ̀ ni, tàbí ìlú?

Ọmọ Alárè (ẹni tí ó béèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Keje ọdún 2025, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò láìbú ara wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í pẹ́ di ìjà láàárín wa.

Ní ọjọ́ 13 oṣù náà ni Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà. Ẹni ọdún 91 ni wọ́n, wọ́n sì ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960. Ní ọjọ́ kejì ni a sin wọ́n sí ilé tiwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àwọn Òṣùgbó, tí àṣà ilẹ̀ wa ti fi ètò ìsìnkú ọba lé lọ́wọ́ láti ayébáyé, fẹ́ ṣe iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn sójà wà níbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dé ìdí òkú. Bí inú àwọn kan ṣe ń dùn pé a ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ti kọjá àkókò rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń sọ pé a ti tú adé Ìjẹ̀bú sí ìhòòhò.

Kò sí iyèméjì pé ohun tí Kábíyèsí fẹ́ nìyẹn. Wọ́n wà lára àwọn ọba tí ó dúró gbágbágbá lẹ́yìn òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní ọdún 2021 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti ìjòyè, èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ kí a lè sin ọba gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ àti bí ìdílé rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn ni mo ń béèrè. Ohun tí mo ń béèrè ni bóyá ọba ní àṣẹ láti fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé ẹ̀sìn jẹ́ ohun tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wa dá sí i nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba adé ti kúrò ní ẹni tí ó ń gbé ilé ara rẹ̀ lásán. Orúkọ rẹ̀ gan-an a máa yí padà, kò sì lè jáde lọ rajà bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń lọ. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè sọ pé ìsìnkú òun jẹ́ ọ̀rọ̀ tòun nìkan? Bí a bá sì sọ pé ìlú ni ó ni í, ìlú wo? Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé Ìjẹ̀bú lónìí. Mùsùlùmí ni èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n ọmọ ilédì, ìyẹn ilé ìpàdé àwọn Òṣùgbó, ni bàbá tí ó bí bàbá mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi ọwọ́ rọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sẹ́yìn.

Agbẹjọ́rò Ẹ̀gbá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ mi ti tó, ìyẹn ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ní èrò tirẹ̀, láti ṣe ẹ̀sìn tí ó bá wù ú, láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, àti láti fi ẹ̀sìn náà hàn nínú ìjọsìn àti ìṣe, yálà ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, yálà ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Mo fẹ́ kí a fi ojú sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé òfin ní kí á kó ẹ̀sìn wa sínú yàrá kí á sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ yan ẹ̀sìn kan ní ẹ̀sìn ìjọba, èyí sì wà ní abala 10, ó sì de ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ bákan náà.

Ọba kò bọ́ sí ẹ̀yìn abala 38 nítorí pé ó dé adé. Kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin náà tí a ti kọ ọ́ pé òmìnira yìí wà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà àyàfi àwọn tí ó bá jẹ oyè. Ní ti àṣà ìbílẹ̀, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń tẹ̀ lé ìlànà kan, pé a óò bọ̀wọ̀ fún àṣà níwọ̀n ìgbà tí kò bá tako ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere, tí kò sì tako òfin tí a ti kọ sílẹ̀. Àṣà tí ó bá sọ pé kí a gba òkú Mùsùlùmí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí a sì ṣe ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ rí sí i lára yóò ṣòroó gbèjà níwájú adájọ́. Nítorí náà, lójú tèmi, òfin ọdún 2021 kò fún ẹ̀sìn kankan ní ipò, ipá ni ó mú kúrò.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ibẹ̀ dákẹ́, nítorí pé abala 38 yìí kan náà ni ó dáàbò bo àwọn Òṣùgbó. Ẹ̀sìn ni tiwọn pẹ̀lú. Bí ètùtù kan bá wà tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí a ṣe fún ìtẹ́ nígbà tí ọba bá lọ, tí kò sì gba pé kí wọ́n fọwọ́ kan òkú, kò sí ìdí tí ìjọba yóò fi dí wọn lọ́wọ́. Abala 45 gbà kí ìjọba dín òmìnira kù nítorí ààbò, ìlera àti ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Èmi ò fẹ́ràn kí a rí ìbọn níbi ìsìnkú ọba wa. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí wà fún un, àmì ni ó jẹ́ pé ohun kan wà tí ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀ lé lórí láti ọdún 2021 tí a kò sọ.

Ọmọ Ilédì

Mo kí Ọmọ Alárè, mo sì kí ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò. Èmi ni ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ fún àwọn tí sójà dá padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìdí.

Ẹ̀gbọ́n sọ pé ẹ̀sìn ni tiwa pẹ̀lú. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ogun Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, Òṣùgbó ni ilé ẹjọ́ wa, Òṣùgbó ni ìgbìmọ̀ tí ń bá ọba ṣe òfin, tí ó sì ń dá ọba lẹ́kun nígbà tí ó bá fẹ́ kọjá ààlà. Ìsìnkú ọba wà nínú iṣẹ́ yẹn. Àwọn tí ó gbé adé lé e lórí ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti lọ ní tòótọ́, kí wọ́n sì mọ bí ó ṣe lọ, àwọn náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gba gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti ìtẹ́ lọ́wọ́ ilé rẹ̀ kí ó má baà di ogún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tí ogun yẹn ti ṣẹ́gun wa ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ya lọ sínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kìrìsìtẹ́nì, tí àwọn ará ìta sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìgbìmọ̀ ìlú ní ẹgbẹ́ awo lásán. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé ẹ̀sìn kan kò gbọdọ̀ ti ara rẹ̀ sínú ètò ìlú, ẹ rántí pé àwa kò ti ara wa sínú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ni a ti wà.

Èkejì, kò sí ẹni tí a fi tipátipá fi jọba ní Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ ọba máa ń du oyè yìí, wọ́n a máa ná owó lé e, wọ́n a máa pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò lọ sí ìpèbí, ibi tí a ń fi ọmọ oyè pamọ́ sí kí ó tó gorí ìtẹ́, yóò sì gba ohun tí a bá fún un níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó jáde wá tí ó sọ pé ẹ̀sìn òun kò gbà á. Bí ó bá ti jókòó tán, gbogbo wa, títí kan àwọn ìmáàmù àti bíṣọ́ọ̀bù, a máa kí i ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, yóò sì dáhùn. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn àwòrò òrìṣà Agẹmọ ilẹ̀ wa, yóò kó ara wọn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dọọdún láti wúre fún un àti fún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ta ni ó jẹ gbogbo ọlá yìí? Ṣé ẹ̀sìn àdáni ni ó fún un? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òkú òun jẹ́ ti Mùsùlùmí nìkan tàbí ti Kìrìsìtẹ́nì nìkan ní ọ̀nà kan tí ó rọrùn jù lọ, kí ó má jọba.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a kórìíra Mùsùlùmí. Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìdúpẹ́ ni, tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ ṣe níwájú Awùjalẹ̀ nítorí pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní fàlàlà. Ọba tí ń bọ òrìṣà àwọn bàbá rẹ̀ ni ó gbà wọ́n láyè. Lónìí, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń gun ẹṣin níbẹ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú ni ó ni í. Bí ìlú ṣe gba ẹ̀sìn àlejò mọ́ra nìyẹn. Ohun tí ó dùn wá ni pé, nígbà tí ó yí kan tiwa, kò sí ẹni tí ó pè wá jókòó kí a tó kó sójà wá.

Ọlọ́jà Ìpókíá

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá mi. Obìnrin ni mí, ọjà ni mò ń tà, mo sì fẹ́ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ kò tíì wò.

Bàbá Ọmọ Ilédì sọ̀rọ̀ dáadáa nípa ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ń sọ yẹn, ilé ni wọ́n máa ń tì wá mọ́ nínú rẹ̀. Bí orò bá ti jáde, yálà nítorí ọdún ni tàbí nítorí ikú ọba, àwa obìnrin ni kò gbọdọ̀ jáde. Aláboyún tí ó ń rọbí ní òru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kí ó ṣe? Ẹni tí tòmátì rẹ̀ ń jẹrà, ta ni yóò san án padà fún un? Ní agbègbè wa ní Ìpókíá, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, adájọ́ sì pinnu ní ọdún 2018 pé wọn kò gbọ́dọ̀ ká ènìyàn mọ́lé ní ọ̀sán nítorí orò, kí wọ́n ṣe é láàárín ọ̀gànjọ́ òru sí aago mẹ́rin ìdájí. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má ṣe orò. Àkókò tí ń pa ẹlòmíràn lára nìkan ni adájọ́ dá dúró, mo sì gbà pé ọ̀nà tí ó yẹ kí a fi máa wo ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní ìta nìyẹn: ta ni ó ń san owó rẹ̀, ṣé ó sì gbà láti san án? Nítorí náà, èmi kò mọ̀ bóyá ìdílé ni ó ni òkú ọba tàbí ìlú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìlú ni, kí ẹ ka àwa obìnrin mọ́ ìlú kí ẹ tó ṣe ìpinnu.

Ará Ọ̀yọ́

Mo ti ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín, ó sì dà bí ẹni pé ẹ gbà pé méjì péré ni ọ̀nà, pé kí àwọn ààfáà gbé òkú ní kíkún tàbí kí àwọn onísẹ̀ṣe gbé e ní kíkún. Ní ọ̀dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Aláàfin Làmídì Ọláyíwọlá Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 50 lórí ìtẹ́, ààfin Ọ̀yọ́ ni a gbé wọn wá. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò sì fi pamọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò fi ipò wọn níwájú Ṣàngó pamọ́. Ìmáàmù àgbà ìlú Ọ̀yọ́ ni ó kírun sí wọn lára níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Mùsùlùmí fà sẹ́yìn, tí àwọn tí ètò ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn sì gbé wọn lọ sí Bàrà, níbi tí àwọn Aláàfin ìṣáájú sùn sí. Kò sí ìbọn. Àwọn kan nínú ẹ̀sìn méjèèjì lè sọ pé irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ́, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú sùn ní àlàáfíà lọ́jọ́ náà.

N kò sọ pé kí Ìjẹ̀bú wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní bí adé rẹ̀ ṣe wá. Ẹ wo Ìbàdàn: nígbà tí Olúbàdàn Sàlíù Adétúnjí wàjà ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2022, ọjọ́ náà gan-an ni a sin wọ́n ní ìlànà Mùsùlùmí sí Pópóyemọja, kò sì sí ẹni tí ó bínú. Ìdí rẹ̀ ni pé ibùdó àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyè ibẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé ọba, àgòkè ni, ẹni tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan Olúbàdàn. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Olúbàdàn gba ẹ̀mí àwọn bàbá ńlá kan mọ́ra níbi ìwúyè tí ó gbọ́dọ̀ dá padà nígbà ikú. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú àti ní Ọ̀yọ́, ohun kan wà tí a fi fún ọba tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí Ọmọ Ilédì dá mi lóhùn. Ohun tí a fún ọba yẹn, ṣé inú ẹran ara rẹ̀ ni ó wà dandan? Bí Òṣùgbó bá rí ojú òkú láti jẹ́rìí sí i, tí a sì kó adé, ọ̀pá àṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ àti gbogbo ohun ìtẹ́ lé wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ṣe ètùtù wọn ní ilédì àti ní ààfin, kí ni ó kù tí kò ṣeé ṣe nítorí pé àwọn ọmọ olóògbé wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi aṣọ funfun dì í?

Ọmọ Ilédì

Ará Ọ̀yọ́, ìbéèrè yín dé ibi tí ó yẹ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè dáhùn ní gbangba. Ohun tí mo lè sọ ni pé jíjẹ́rìí àti gbígba ohun ìtẹ́ ni ó ṣe kókó jù lójú tèmi. Àwọn àgbà kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, wọn yóò ní èmi náà ti di ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù Keje ọdún yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí èyí tí ẹ sọ yìí, ó dá mi lójú pé àwọn tí yóò gbà ìbá pọ̀ ju àwọn tí yóò kọ̀ lọ.

Mo tún fẹ́ dá ọmọ mi ọlọ́jà lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ìdílé tí ń bẹ̀rù láti fi òkú bàbá wọn lé wa lọ́wọ́ àti àwọn obìnrin tí ń bẹ̀rù ohùn orò, ohun kan náà ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n: a kò sọ ohun tí a ń ṣe, àwọn ènìyàn sì ti fi ìtàn burúkú dí àyè náà. Ó yẹ kí àwọn àgbà wa pinnu ohun tí ó jẹ́ awo ní tòótọ́ àti ohun tí a kàn ń fi pamọ́ nítorí pé ó ti mọ́ wa lára, kí wọ́n sì sọ èyí èkejì síta.

Ọmọ Alárè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí i nísinsìnyí pé ìbéèrè mi pa ohun méjì pọ̀, ara ènìyàn àti ipò tí ó wà. Ara jẹ́ ti ẹni náà àti ti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ìdílé rẹ̀ ni yóò sì gbé e sin. Ipò jẹ́ ti ìlú, ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà ní gbangba pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lọ́nà tí kò ní ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ìyẹn ni mo fara mọ́.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò. Ìdílé ọba mẹ́rin ni ó ń jọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì tún padà wá, bí a bá wà láàyè. Bí àwọn afọbajẹ, ìdílé ọba àti Òṣùgbó bá jókòó kí ọmọ oyè tó wọ ìpèbí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ó ṣe ṣe é ní ọjọ́ ikú rẹ̀, tí òun náà sì buwọ́ lù ú, ǹjẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dúró níwájú òfin?

Agbẹjọ́rò Ẹ̀gbá

Apá kan nínú rẹ̀ lè dúró, apá kan kò lè dúró. Láti ìgbà òfin oyè jíjẹ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1957 ni a ti ní àkọsílẹ̀ fún àwọn oyè ńláńlá, tí ó dárúkọ àwọn ìdílé tí ń jọba, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra àti àwọn afọbajẹ. Kíkọ àṣà oyè sílẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, n kò sì rí ìdí tí a kò fi lè kọ ti ìsìnkú mọ́ ọn: ẹni tí yóò jẹ́rìí sí òkú, ẹni tí yóò gba ohun ìtẹ́ àti iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi gbà á, ibi tí ètùtù yóò ti wáyé àti wákàtí tí yóò wáyé, pẹ̀lú àdéhùn pé a kò ní ti ọjà àti ọ̀nà pa ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun ìlú ni gbogbo ìyẹn.

Èyí tí kò lè dúró ni ìwé tí ó bá fi ẹ̀sìn kan de ọba títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Abala 38 fún un ní òmìnira láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, kò sì sí ìbuwọ́lùwé tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wọ ìpèbí ní Mùsùlùmí lè wàjà ní Kìrìsìtẹ́nì tàbí ní onísẹ̀ṣe, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí Ọmọ Ilédì bá lè mú àwọn àgbà rẹ̀ wá, tí ẹ̀yin náà sì mú àwọn ìdílé ọba wá, kí ẹ pe ọlọ́jà Ìpókíá àti àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú mọ́ ọn, mo ṣetán láti bá yín kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.